Ilẹ̀ Tí Wọ́n Ti Gbẹ́ Rí

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Ìbàdàn ni pé wọ́n ń yìn mí nítorí pé mo gbọ́ Yorùbá. Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní òdìkejì ibodè, níbi tí àwọn Faransé ti ṣèjọba. Yorùbá ni ìyá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo dé Agbowó, tí mo béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ṣe fọ́tókọ́pì lẹ́bàá títì, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ mà gbìyànjú o. Níbo lẹ ti kọ́ Yorùbá?" Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé yàrá tí mo fẹ́ máa gbé, mo jókòó lé àpò mi lórí, mi ò lè rẹ́rìn-ín mọ́.

Tíṣà ni mí ní Kétu. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún àádọ́rùn-ún, ilé ìwé wa tì, ó ṣí, ó tún tì, títí àwọn òbí fi kó ọmọ wọn lọ sóko. Ọ̀rẹ́ àǹtí mi kan tó ń ta aṣọ ní Dùgbẹ̀ ránṣẹ́ pé kí n máa bọ̀, pé Ìbàdàn tóbi débi pé kò ní ṣàìrí nǹkan fún mi ṣe. Kí n tó dé, ọjà ti gbé òun fúnra rẹ̀ lọ sí Kánò. Yàrá tó fi sílẹ̀ ni mo bá.

Ilé gígùn kan ni, yàrá dojú kọ yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ni gbogbo wa ń gbà kọjá. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi ni Màmá Iléṣà, obìnrin àgbà kan, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan ní Jẹ́ríkò. Òun náà kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó béèrè ibi tí mo ti wá, ìjọ tí mò ń lọ, àti ẹni tó mọ̀ mí. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́. Ó ní kí n má tún dá ẹnikẹ́ni lóhùn bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní ayé sójà la wà, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń ṣe amí. Bí wọ́n bá bi mí, kí n ní Ìmẹ̀kọ ni mo ti wá, ìyẹn ṣì wà nínú Nàìjíríà. Nígbà tó kìlọ̀ fún mi tán, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, mo sì gbọ́ nígbà tó fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn. Èmi ló ń tì í mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ẹnu mi. Mo kọ́ láti pe ohun tí à ń pè ní pẹ́ẹ̀nì ní Kétu ní búrẹ́dì. Mo ń tẹ́tí sí bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò, èmi náà a tún un sọ nínú ikùn mi. Bí mo bá gbàgbé, tí ohùn Kétu yọ, ẹnìkan á ní, "Àgànyìn ni yín, àbí?" Kì í ṣe èébú, wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo máa ń rí i tí wọ́n á rọra fa báàgì wọn mọ́ra.

*

Ọkùnrin oní fọ́tókọ́pì yẹn náà ló wá iṣẹ́ fún mi. Olùkọ́ kan ní yunifásítì gbé ìwé kan wá fún un láti dà kọ, ó sì ń ráhùn pé kò sẹ́ni tó lè ka ìwé náà fún òun, torí pé èdè Faransé ni. Dókítà Bánkọ́lé ni orúkọ olùkọ́ náà. Ọkùnrin gíga, tínrín, tí kì í wo ojú èèyàn bó bá ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ti bá a gba ẹ̀rọ kan láti ilẹ̀ Faransé, èyí tí wọ́n fi ń wo ohun tó wà nínú ilẹ̀ láìgbẹ́ ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ bó ṣe máa lò ó. Oní fọ́tókọ́pì ránṣẹ́ pè mí, mo ka ojú ìwé àkọ́kọ́, mo sọ ọ́ ní Yorùbá fún Dókítà. Ó ní kí n wá lọ́jọ́ kejì.

Ohun tó ń wá kò rú mi lójú. Láyé àwọn baba ńlá, kí òyìnbó tó gba ilẹ̀ yìí, ogun jà ní ìhà gúúsù Ìbàdàn, lẹ́yìn àdúgbò Challenge, lọ́nà tí mọ́tò ń gbà lọ sí ìhà òkun. Àwọn jagunjagun gbẹ́ yàrà jíjìn yí ibùdó wọn ká. Ogun parí, wọ́n lọ, òjò àti àgbẹ̀ sì dí yàrà náà. Kòkó àti ẹ̀gẹ́ ló wà lórí rẹ̀ báyìí. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ogun jà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fi ìka tọ́ ibi tí yàrà gbà.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. A ó ki àwọn irin pẹlẹbẹ bọ ilẹ̀, a ó so wáyà mọ́ wọn, a ó rán iná díẹ̀ gba inú ilẹ̀ láti ara bátìrì, ẹ̀rọ á sì sọ bí ilẹ̀ ṣe gba iná náà sí. Ilẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ rí, tí wọ́n wá dí padà, kì í le bí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Ó máa ń fa omi mọ́ra, iná a sì máa gba ibẹ̀ kọjá ní ìrọ̀rùn. A ó ṣe é níhìn-ín, a ó tún un ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láti àárọ̀ títí oòrùn á fi máa ta wá lórí. Èmi ni mo ń ka nǹkan tí ẹ̀rọ sọ, Dókítà a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà míì, láìmọ̀, mo máa ń kà á ní Faransé.

Abà Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ni orúkọ ibẹ̀. Bàbá Làmídì ni olórí ẹbí tó ni ilẹ̀, arúgbó kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì nà. Ó gbà wá láàyè, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ tí a bá lọ, ó máa gbé àga rẹ̀ jáde sí abẹ́ igi, á jókòó síbi tó ti ń rí wa, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í bá wa sọ̀rọ̀. Àwọn ará abà ló ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní góòlù là ń wá. Wọ́n ní epo rọ̀bì ni, pé bí a bá rí i, ìjọba á lé gbogbo wọn kúrò. Àwọn obìnrin kan ní ilẹ̀ tí a bá ti ki irin wa bọ̀, ẹ̀gẹ́ ò ní ta níbẹ̀ mọ́. Bí a bá lọ jẹun, a ó bá irin kan tàbí méjì tí wọ́n ti fà tu. Dókítà kò bínú. Ó ní bí òun bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, òun náà máa fà á tu.

*

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Dókítà wa mọ́tò lọ sí Ring Road láti ra bátìrì míì, ó fi èmi nìkan sílẹ̀ ti ẹ̀rọ. Mo ń ká wáyà nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ń pe orúkọ ọmọ kan káàkiri. Ọmọbìnrin kékeré ni, ìyá rẹ̀ ti wá a títí. Ìgbà ọ̀rọ̀ gbọ́mọgbọ́mọ ni ìgbà náà. Kò sí ilé tí wọn kò ti ń sọ ọ́. Ẹnìkan ní òun rí ọmọ náà lẹ́bàá wáyà mi láàárọ̀.

Kí n tó nàró tán, wọ́n ti yí mi ká. Ọkùnrin kan já àpò mi gbà, ó da gbogbo ohun inú rẹ̀ sílẹ̀: ìlarun, búrẹ́dì, ìwé ẹ̀rọ. Ó ṣí ìwé náà, ó ní, "Èyí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì." Mo fẹ́ ṣàlàyé. Gbogbo ohùn Ìbàdàn tí mo ti ń kọ́ láti oṣù mélòó kan pòórá, ohùn Kétu ló jáde, ọ̀rọ̀ Faransé sì ń yọ láàárín rẹ̀. Mo rí i lójú wọn pé bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ń burú sí i. Obìnrin kan ti mú okùn wá.

Bàbá Làmídì rìn wọ àárín wọn. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní kí wọ́n mú mi wá síwájú ilé òun. Wọ́n mú mi lọ, ó ní kí n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì jókòó tì mí, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀. Àwọn tó kù dúró, wọ́n ń wò wá. Títí di òní, mi ò lè sọ bóyá ńṣe ló ń dáàbò bò mí tàbí ńṣe ló ń ṣọ́ mi kí n má sá lọ.

Wọ́n rí ọmọ náà. Ó ti sùn lọ lẹ́yìn àwọn àpò gààrí nínú yàrá ìyá rẹ̀ àgbà. Àwọn èèyàn tú ká, wọn kò wo ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó ní kí n má bínú. Ìyá ọmọ náà nìkan ló gbé omi tútù wá fún mi nínú kọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀ fi lé mi lọ́wọ́. Òùngbẹ ń gbẹ mí gan-an. Mo dúpẹ́, mo dúró kó yí ẹ̀yìn padà, mo da omi náà sílẹ̀.

Ó bojú wẹ̀yìn, ó sì rí mi.

Mo ti ronú lórí omi yẹn ju orí okùn lọ. Èmi tí mò ń bínú pé gbogbo ìlú ń fura sí mi, kò ju oṣù díẹ̀ lọ tí ìfura náà fi wọ inú èmi náà. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màmá Iléṣà, ó wọ yàrá mi fún ìgbà àkọ́kọ́, ó jókòó. Ó sọ fún mi pé lọ́dún tí òun kọ́kọ́ dé, wọ́n jí aṣọ nínú ilé tí òun ń gbé, yàrá òun sì ni wọ́n kọ́kọ́ tú, torí pé òun ni àlejò. Ó ní láti ọjọ́ náà ni òun ti ń fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn òun lọ́sàn-án gangan. Ó jọ pé ó fẹ́ sọ nǹkan míì, ṣùgbọ́n ó dìde, ó lọ bu ọbẹ̀ wá fún mi. Mo jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ síbi tẹlifóònù ìjọba ní Dùgbẹ̀ láti tẹ ìyá mi láago. Èèyàn máa ń tò pẹ́ níbẹ̀. Ní Kétu, ilé olóògùn òyìnbó kan ni ìyá mi ti ń wá dúró de ìpè mi. Ó béèrè bóyá mò ń jẹun, bóyá àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe dáadáa sí mi. Mo ní iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe, lábẹ́ fáànù, gbogbo wọn sì fẹ́ràn mi. Ó ní, "Kí ló dé tó ò ń sọ̀rọ̀ bí àlejò?" Ohùn Ìbàdàn ni mo fi ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀, mi ò sì mọ̀.

*

Mo padà sí abà. Bí mi ò bá padà, wọ́n á ní mo sá ni.

Ní àsìkò yẹn ni yàrà náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Dókítà máa ń fi lẹ́ẹ̀dì kun pépà ńlá kan, ibi tí iná ti kọjá ní ìrọ̀rùn ló ń kùn dúdú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó tẹ́ pépà náà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, a sì rí i: ìlà dúdú kan tó tẹ̀ kọrọdọ, tó gba abẹ́ kòkó, tó gba ẹ̀yìn ilé, tó lọ títí dé odò. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ará abà ti ń rìn lórí rẹ̀ láìmọ̀. Dókítà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó wo ojú mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà bíi pé èmi ni mo gbẹ́ yàrà náà.

Ṣùgbọ́n nǹkan míì wà lórí pépà. Nínú oko ẹ̀gẹ́, nítòsí ọ̀pẹ méjì, dúdú gbòòrò kan wà tí kì í ṣe ara yàrà. Nígbà tí Bàbá Làmídì lọ kírun, Dókítà gbẹ́ ihò kékeré kan síbẹ̀, èmi nìkan ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò jìn púpọ̀ tí a fi rí egungun, èyí tó wà lábẹ́ èkejì, àti ọta ìbọn láàárín wọn. Ó rọra dí ihò náà padà. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni ní abà.

Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó wo ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní àsìkò ò tíì tó.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mọ́tò onígíláàsì dúdú kan wá dúró lójú ọ̀nà abà. Ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ kò kí ẹnikẹ́ni. Sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Méjọ̀ ni wọ́n ń pè é. Òun àti Dókítà dúró níbi tó jìnnà sí mi, Dókítà ń fi ọwọ́ júwe ilẹ̀ fún un. Bàbá Làmídì kò kúrò lórí àga rẹ̀, ṣùgbọ́n tẹ̀sùbáà rẹ̀ dúró.

Mo lọ bá Dókítà nílé rẹ̀ ní Bódìjà. Méjọ̀ ló ń jáde bí mo ṣe ń wọlé. Mo bi Dókítà léèrè bóyá òótọ́ ni pé góòlù là ń wá. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ó ṣàlàyé pé yunifásítì kò ní mọ́tò tó ń ṣiṣẹ́, kò sì sí epo níbi kankan. Méjọ̀ ló yọ̀ǹda mọ́tò, òun ló ń wá epo. Ó fẹ́ ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹbí kan láti kọ́ ilé sí. Ohun kan ṣoṣo tó bi Dókítà ni ibi tí òkú wà, torí pé kò fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ òun bá egungun pàdé kí ariwo sì ta.

Mo ní, "Kí ló máa wá ṣe sí wọn?"

Ó ní, "Katakata kan ló máa rán síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀."

"Ẹ sì máa sọ fún un?"

Ó fà mí lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n rọra máa lọ, òjò ń ṣú.

*

Mo wọ mọ́tò ní Challenge ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo tún mọ̀ pé Méjọ̀ mọ àwọn tó ń ṣọ́ ibodè, àlejò sì ni mí láìní ìwé kankan tó dára lọ́wọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó jókòó tì mí bi mí pé ṣé ara mi ò yá ni.

Bàbá Làmídì gbọ́ ọ̀rọ̀ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Ta ló ní kó o wá sọ fún mi?"

Mo ní, "Kò sẹ́nìkan, Bàbá. Ọ̀gá mi ò mọ̀ pé mo wá."

"Ẹni tó fi ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀ wá bá mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbà á gbọ́?"

Mo ní kó jọ̀ọ́, kó bá mi kálọ. A rìn dé ibi ọ̀pẹ méjì náà. Mo fi ẹsẹ̀ fa ìlà yí ibi tó dúdú lórí pépà ká, ó sì ń tẹ̀ lé mi, ó ń wo ilẹ̀. Nígbà tí mo yí i po tán, ó bi mí pé, "Ẹ̀rọ yín yẹn, ṣé ó lè ya àwọn tó jẹ́ tiwa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó wá bá wa jà?"

Mo ní, "Kò lè yà wọ́n, Bàbá."

Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó gbàdúrà fún gbogbo wọn. Nígbà tó ṣe tán, kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó kàn bi mí bóyá mo ti jẹun.

Kí oṣù tó parí, ẹbí ti ṣèpàdé. Wọ́n ní láti ibi ọ̀pẹ méjì dé odò, àwọn ò tà. Wọ́n pe àwọn lémọ́ọ̀mù, wọ́n pe àwọn ará abà ìtòsí, wọ́n sì sọ ọ́ ní gbangba, débi pé kò sí bí katakata ṣe lè yọ́ wọ ibẹ̀ mọ́. Méjọ̀ ra apá kejì, ó gba mọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́ Dókítà. Iṣẹ́ wa parí síbẹ̀.

Dókítà ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Ìwọ lo sọ fún wọn." Mo ní èmi ni. Ó ní òun mọ̀, pé ìdí tí òun fi jẹ́ kí n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a gbẹ́ ihò náà nìyẹn, torí pé òun fúnra òun ò lè sọ ọ́. Lẹ́yìn èyí, ó bá mi wá iṣẹ́ tíṣà Faransé ní ilé ìwé kan ní Bódìjà, ibẹ̀ sì ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mi ò tíì mọ̀ bóyá òótọ́ ló sọ fún mi, tàbí ó kàn rí i pé ọ̀rọ̀ náà yọrí sí rere, ó wá fẹ́ ní ìpín nínú rẹ̀. Bí a bá pàdé, a máa ń kí ara wa dáadáa.

Mo tún lọ sí Dùgbẹ̀, mo sọ òtítọ́ fún ìyá mi. Mo sọ pé kì í ṣe ọ́fíìsì, pé inú ilẹ̀ là ń wò, mo sì sọ nípa ogun, nípa yàrà, àti nípa àwọn tó wà lábẹ́ ẹ̀gẹ́.

Ó ní, "Ìyá àgbà tó tọ́ mi ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan. Wọ́n jí i gbé lọ́nà oko. Ẹni tó rí i gbẹ̀yìn ní àwọn ará Ìbàdàn ló rà á, pé wọ́n gbé ìbọn fún un. Láti ìgbà yẹn, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́."

Mo ní, "Màámi, ẹ ò sọ èyí fún mi rí."

Ó ní, "Ta ni mo máa sọ ọ́ fún? Ó ti pẹ́."

Mo sọ fún un pé ogun tó jà lágbègbè yìí pọ̀, pé kò dájú pé ẹ̀gbọ́n náà wà lára wọn, pé ẹ̀rọ ò lè mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó ní òun gbọ́. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi ti ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀.

Ó ní, "Ṣé o ṣì máa dé ibi tí àwọn òkú náà wà?"

Mo ní mo lè dé ibẹ̀.

Ó ní, "Bó o bá débẹ̀, bá mi kí wọn."